Ìpéńpéjú Wíwú àti Omi Ìfọwọ́ ní Fáktírì

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó pẹ́ tí ìpéńpéjú mi ti ń pọ́n, tó ń yún, tí ipin ń lẹ̀ mọ́ ọn láràárọ̀. Mo ra oògùn ojú nínú bọ́ọ̀sì títí ó fi sú mi. Òmíràn nínú wọn tilẹ̀ lè fọ́ni lójú bí a bá ń kán an pẹ́. Kí a dijú, kí a fi aṣọ mímọ́ tí a rì sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lé e fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, kí a wá rọra nu etí ìpéńpéjú, láàárọ̀ àti lálẹ́: èyí ló ń tù mí lára. Bí mo bá dáwọ́ dúró, ó tún dé. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì, kó tètè lọ sí ibi ìtọ́jú ojú Guinness ní LUTH, Ìdí-Àràbà.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ mímọ́ dà, nígbà tí ẹ̀rọ omi gbẹ? Òfin Fáktírì ọdún 1987 ní kí ọ̀gá pèsè omi àti ọṣẹ ìfọwọ́. Ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn yín pẹ̀lú. Ẹ wá sí ìpàdé ẹ̀ka, kí a kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá.