Ẹni Tó Bà Á Jẹ́ Ni Kó Tún Un Ṣe
Ní Sángo-Ọ̀tà, ọkọ̀ tó kàn wá pààrọ̀ ọ́ìlì lè kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì pẹ̀lú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n dè jù, tí ọ́ìlì ń kán tó-tó-tó. “Ẹ má bínú, ọ̀gá” kò tó. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní kí ẹni tó gbaṣẹ́ dá ẹrù padà, ó kéré tán, bó ṣe gbà á. Bí iṣẹ́ bá lábùkù, kó tún un ṣe tàbí kó dá lára owó padà. Àwọn mẹkáníìkì á ní tòkúńbọ̀ ni ọkọ̀ náà, ó ti ń jò tẹ́lẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí oníbàárà àti mẹkáníìkì jọ kọ àléébù ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan sípánà. Bó bá sì jẹ́ pé òun ló bà á jẹ́, ti pé mẹkáníìkì ò lówó kò pa gbèsè àtúnṣe náà rẹ́. Ó lè san án díẹ̀díẹ̀.