Bí ẹyẹlé bá ṣí kúrò nílé, ilé ni kẹ́ ẹ wò

Bí ẹyẹlé bá ṣí kúrò nílé àwọn kan, kíá ni wọ́n máa ń wá ẹni tí wọ́n máa dì í rù. Wọ́n á ní ayé ti ń ṣe àwọn, ṣebí ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ìṣòro. Òótọ́ lọ̀rọ̀ àwọn àgbà o, àmọ́ ẹyẹ náà ní ohun tó ń wò lára ilé kó tó gbà á nílé.

Inú pàlàpálá àpáta ni àwọn baba ńlá ẹyẹlé ń gbé, kì í ṣe orí igi bíi ti àdàbà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tó ga, tó gbẹ, tó ṣókùnkùn díẹ̀, tó sì ní pẹpẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń wá kiri. Igi àjà inú àká àgbàdo dà bí àpáta lójú ẹ̀, oúnjẹ sì wà nítòsí.

Ẹni tó bá fẹ́ sìn ín, kó gbé ilé rẹ̀ ga ju ibi tí ológbò lè fò dé, kó dí ọ̀nà eku àti ejò, kó má sì kọ ẹnu ọ̀nà síbi tí òjò ti ń fẹ́ wọlé. Ihò méjì ló dáa fún takọtabo kan. Ẹyin méjì ni wọ́n sábà máa ń yé, wọ́n á sàba lé e fún nǹkan bí ọjọ́ 18, ìyá sì lè tún yé òmíràn kí àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tó fò jáde. Bí iná bàtìrì bá ń tàn sí wọn lójú lóru, tàbí tí kòkòrò ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n á fi ìtẹ́ sílẹ̀.

Èyí tí wọ́n rà lọ́jà ńkọ́? Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ̀ olówó rẹ̀ àtijọ́ ló máa forí lé. Kí wọ́n sé e mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ná.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ má gbé e sórí yàrá tàbí sítòsí kànga. Ekuru ìgbẹ́ ẹyẹlé tó ti gbẹ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wọ́n omi sí i, kẹ́ ẹ bo imú, kẹ́ ẹ tó gbá a.

Nítorí náà, kí onílé tó pe aládùúgbò ẹ̀ lájẹ̀ẹ́, kó kọ́kọ́ gun àkàbà, kó yọjú wo inú ihò. Ó lè jẹ́ ejò ló ká lọ́ síbẹ̀.