Iṣẹ́ Ọwọ́ Nínú Ilé: Àwòrán Tí A Fi Abẹ́rẹ́ Fín Sára Ike

Obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ ránṣẹ́ sí mi pé òun ń fẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ènìyàn fi lè ṣe àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí ó má jẹ́ fọ́tò, kí ó má sì náni lówó bí ẹni ń kọ́lé. Ìyá oníṣòwò, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Mo ti ṣe é nínú ilé mi, lórí tábìlì tí a ti ń jẹun, ó sì dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín àwa ọmọ ìyá kan. N ó sọ bí a ti ń ṣe é, n ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú, nítorí pé àṣìṣe tí mo ṣe ni ó kọ́ mi ní iṣẹ́ náà jù.

Ìyá wa kú ní ọdún 2001. Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà náà; àbíkẹ́yìn wa kò ju ọmọ ọdún 4 lọ. Fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó kù lọ́wọ́ wa, òjò sì ti wọ inú àpótí, ó ti ba igun rẹ̀ kan jẹ́. Àwa ọmọ méje ni a ń du fọ́tò yìí. Ẹ̀gbọ́n mi kan gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe. Ẹ̀dà tí wọ́n gbé fún un, wọ́n ti fọ ojú ìyá wa mọ́ bí ojú ọmọge inú kàlẹ́ńdà, wọ́n sì ti pa ìlà ojú rẹ̀ rẹ́, wọ́n ṣe bí àbùkù fọ́tò ni. Kò sí ẹni tí ó gbé e kọ́ ògiri nínú wa. Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà fi hàn wá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ohun tí mo ti gbàgbé láti ọjọ́ tí a ti ṣe ìdánwò tán.

Ẹ rántí bí a ti ń sín gbẹ́rẹ́. Wọn a fi abẹ là á lára ènìyàn, wọn a fi ẹ̀bu dúdú rá a, wọn a sì nù ún. Èyí tí ó wà lórí ara a kúrò, èyí tí ó wọ ojú abẹ a dúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ yìí. A ó fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán sára ohun líle kan, a ó fi tàdáwà rá a, a ó nu ojú rẹ̀, a ó sì tẹ pépà tútù mọ́ ọn pẹ̀lú agbára púpọ̀. Pépà yóò wọ inú ojú abẹ́rẹ́ lọ mú tàdáwà jáde.

Pẹlẹbẹ bàbà ni àwọn ará Yúróòpù ń lò láyé àtijọ́. Ike tí ó mọ́ gaara bí dígí ni èmi lò, èyí tí àwọn tí ń ṣe pátákó ṣọ́ọ̀bù ń pè ní Perspex. Ní Jámánì, ní ọdún 1933, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń pè é ní Plexiglas, wọ́n sì fi ṣe fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú nígbà ogun Hitler. Àǹfààní rẹ̀ fún wa ni pé a lè rí ohun tí a bá fi sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ àwòrán yà rárá lè fi fọ́tò sábẹ́ rẹ̀ kí ó máa tọ ipa rẹ̀. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ pátákó, ẹ ní kí wọ́n ta àgékù fún yín. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kó o dànù. Èyí tí kò nípọn ju mìlímítà 1 lọ ni kí ẹ mú, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Tèmi jẹ́ ínṣì 5 ní ìbú àti ínṣì 7 ní gígùn.

Kí ẹ tó ha ohunkóhun sí i, ẹ fi fáìlì rẹ́ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ sì fi sáńpépà yọ́ ọ. Bí etí náà bá mú, yóò gé pépà yín bí ọ̀bẹ. Ẹ fi aṣọ bo imú, eruku ike kì í ṣe oúnjẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Abẹ́rẹ́ ńlá tí a fi ń rán àpò ni mo tì bọ inú igi kékeré kan, mo sì pọ́n ọn lórí òkúta. Mo tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì, nítorí pé ojú abẹ́rẹ́ máa ń funfun lójú ike, a kì í sì í rí i dáadáa bí abẹ́ rẹ̀ kò bá dúdú. Ọwọ́ òsì kì í sí níwájú abẹ́rẹ́ láéláé o! Ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ni ó ń wà. Àpá wà ní àtàǹpàkò mi tí yóò jẹ́rìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, òun ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ẹ mọ̀ pé bí ọkọ́ bá ti ń la poro, ilẹ̀ a dìde di ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ poro. Abẹ́rẹ́ pẹ̀lú, bí ó ti ń la ike, ó ń kọ ebè tínrín kan tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, ṣùgbọ́n tí ìka ń mọ̀. Bí a bá na abẹ́rẹ́ ró ṣánṣán, ebè a dìde ní ìhà méjèèjì. Bí a bá dẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìhà kan ni ebè a pọ̀ sí. Ebè yìí ni ó ń di tàdáwà mú, tí ìlà fi ń dúdú, tí etí rẹ̀ sì ń rọ̀ bí àrán. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi sáńpépà rẹ́ ẹ kúrò nítorí ìmọ́tótó. Níbi tí ẹ bá fẹ́ kí ó ṣú, bí abẹ́ gèlè tàbí ọrùn, ẹ ha ìlà wẹ́wẹ́ tí ó súnmọ́ra, kí ẹ sì ha òmíràn kọjá lórí wọn. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin ni mo fi ha ojú ìyá wa.

Tàdáwà inú gègé kò wúlò níbí. Tàdáwà atẹ̀wé tí a fi epo pò, tí ó ki, ni kí ẹ rà. Ẹ fi páálí gbà á sójú ike títí yóò fi wọ gbogbo ojú abẹ́rẹ́. Fún nínù rẹ̀, báńdéèjì ni mo rì sínú ẹ̀kọ tí a po mọ́ omi gbígbóná, mo sì sá a títí ó fi gan. Ẹ máa fi í nù ún rọra, bí ẹni ń fi ọwọ́ yí òrùka, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ parí rẹ̀. Ẹni tí ó bá nù ún jù yóò rí ojú òfìfo. Ẹni tí kò bá nù ún tó yóò rí òru. Pépà olówùú tí àwọn ayàwòrán ń lò ni kí ẹ rì sínú omi fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ wá fi tówẹ̀lì mu omi ojú rẹ̀.

Ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹ̀rọ àwọn oníṣẹ́ yìí wọ́n púpọ̀. Mo kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ṣíbí igi rin ín, ó sì jáde bákan-bàkan. Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí ìyàwó mi fi ń tẹ́ ìyẹ̀fun ṣínṣín, èyí tí ó ní irin róbótó méjì. Ike, pépà tútù lórí rẹ̀, àti ègé búláńkẹ́ẹ̀tì lókè wọn, ni mo yí kọjá láàárín irin náà. Ìdí rèé tí mo fi ní kí ike má nípọn. Èyí tí ó bá ju mìlímítà 1 lọ kì í wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tún fi tẹ oúnjẹ mọ́. Mo ti ra òmíràn fún ìyàwó mi, owó rẹ̀ sì dùn mí.

Mo ṣí pépà àkọ́kọ́. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbé e lọ bá àbúrò ìyá wa lóru ọjọ́ náà, kò tíì gbẹ. Ó mú jígí rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

Ó ní, “Tíṣà, ta lo yà síbí yìí?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n yín ni, mà.”

Ó ní, “Irọ́ ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni ìbàmú ẹ̀gbọ́n mi wà. Ta ni èyí?”

Ẹ̀yin ará, ojú tì mí. Àwòrán tí a bá tẹ̀ máa ń yí padà bí ojú inú dígí, òsì a di ọ̀tún. Olùkọ́ wa sọ ọ́, mo sì ti gbàgbé. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ tọ ipa fọ́tò náà sórí pépà fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, kí n dojú pépà náà délẹ̀, kí n tó fi í sábẹ́ ike. Ẹni tí ó ní fóònù alágbèéká lè fi yí fọ́tò padà kí ó tó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo fi ìbínú mú tínà láti fọ ike àkọ́kọ́ náà. Ike náà hú bí ẹyinjú afọ́jú, ó sì sán wẹ́wẹ́. Tínà àti Perspex kì í gbé ilé kan. Òróró ìdáná ni a fi ń fọ̀ ọ́, kí a tó fi ọṣẹ àti omi ṣan án. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin mìíràn.

Èkejì yìí pé. Ṣùgbọ́n ebè ike kì í pẹ́. Gbogbo ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ ni ó ń wólẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwòrán a sì máa ṣá. Bàbà pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Rembrandt, ọ̀gá ayàwòrán ará Nẹ́dálándì tí ó kú ní ọdún 1669, fi abẹ́rẹ́ fín àgbélébùú mẹ́ta sójú bàbà ní ọdún 1653. Nígbà tí ebè rẹ̀ jẹ tán, ó tún fín in títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwòrán mìíràn. Kí àwa tíṣà má sì sọ pé àyè kò sí. Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo tí ó di àgbà nínú iṣẹ́ títẹ àwòrán ní Nàìjíríà, olùkọ́ ni ní St. Gregory's College, Èkó, láti 1963 títí di 1980, ilé rẹ̀ ní Mushin ni ó sì sọ di ibi iṣẹ́.

Mẹ́jọ ni mo fẹ́ tẹ̀, fún ọmọ méje àti Ìyá Kékeré. Àwọn oníṣẹ́ yìí máa ń fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sábẹ́ àwòrán, 1/8, 2/8, kí ẹni tí ó gbà á lè mọ ipò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní òun ni àkọ́bí, 1/8 ni tòun. Mo ṣàlàyé pé ọwọ́ mi kò tíì mọ́lẹ̀ nígbà tí mo tẹ èkíní, pé 3/8 ni ó dára jù. Ó ní òun kò bi mí léèrè èyí tí ó dára. Mo fún un. Ẹni tí ó kàn lẹ́yìn rẹ̀ gba 2/8. Èmi ni ọmọ kẹta, wọ́n sì ní mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ní ti àbíkẹ́yìn, 7/8 ni ó kàn án. Ìlà ti ń ṣá níbẹ̀. Ìyá wa dàbí ẹni tí ó dúró nínú ọyẹ́. Mo ní kí ó jẹ́ kí n fín òmíràn fún un. Ó wò ó, ó ní, “Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo ti rántí wọn náà nìyí.”

Ó ku ohun kan. Nígbà tí iye tí a fẹ́ bá pé, àṣà àwọn oníṣẹ́ yìí ni láti fi abẹ́rẹ́ ha ìlà gbọọrọ kan kọjá lójú ike, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ òmíràn mọ́. Mo mú abẹ́rẹ́. Ọwọ́ mi kọ̀. Ike náà wà nínú aṣọ funfun lórí àgádágodo àpótí ìwé mi, àbúrò mi obìnrin sì ti ń béèrè bóyá mẹ́sàn-án kò lè jáde níbẹ̀.