Ohun Tó Bá Ojú Ti Bá Imú

Bí ibà bá dá ènìyàn dùbúlẹ̀, kì í ṣe ara nìkan ló ń ṣe é. Ọbẹ̀ tó fẹ́ràn kò ní wù ú mọ́, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ á máa ni ín lára, yóò faṣọ borí, yóò kọjú sí ògiri. Kò sẹ́ni tó máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ kan bá wà báyìí fún oṣù mẹ́ta láìsí ibà, ará ilé á ní ìmẹ́lẹ́ ló ń ṣe. Wọ́n gbàgbé pé ohun tó bá ojú ti bá imú.

Ẹ wo ẹsẹ̀ tí ẹ̀gún gún. Ojú ibẹ̀ á pọ́n, á gbóná, á wú: àwọn ọmọ ogun ara ti dé, wọ́n ti dáná nìyẹn. Èròjà tí wọ́n ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ, ọpọlọ á sì ní kí onítọ̀hún lọ jókòó jẹ́ẹ́. Ìyẹn dára fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí iná náà bá wá ń jó lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù ńkọ́? Àìsùn, sìgá, ọ̀rá àpọ̀jù àti wàhálà iṣẹ́ wà lára ohun tó ń bu epo sí i.

Àwọn dókítà ti rí bí iná ara ṣe ń kan ọkàn lára àwọn tí wọ́n fi interferon tọ́jú àrùn ẹ̀dọ̀. Abẹ́rẹ́ náà ń ru ọmọ ogun ara sókè; tó ẹnì kan nínú mẹ́ta ló sì kó sínú ìsoríkọ́. Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n gún un fún, ó kan ọkàn.

Ní 2005, Sharon Toker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì gbé ìwádìí kan jáde lórí ọkùnrin 933 àti obìnrin 630 tí ara wọn dà bíi pé ó le. Wọ́n bi wọ́n bí ọkàn wọn ṣe rí, wọ́n sì wọn CRP, èròjà tí ẹ̀dọ̀ ń pèsè bí iná ara bá ń jó. Lára ọkùnrin, ìsoríkọ́ ló ń bá CRP gòkè. Lára obìnrin, àárẹ̀ iṣẹ́ tó ti wọ eegun ni. Wọn kò lè sọ èyí tó ṣáájú. Òwe ojú àti imú kò kúkú bá wa pín in.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìsoríkọ́ ni iná ara ń fà. Ní 2013, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà dán infliximab, oògùn tó ń pa irú iná yìí, wò nínú ìwádìí tí ènìyàn 60 kópa. Lápapọ̀, kò ta yọ. Àwọn tí CRP wọn ga ló dà bíi pé ó ràn lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má lọ máa ra oògùn ara ríro ní kẹ́míìsì nítorí ìbànújẹ́.

Ẹni tí nǹkan kò bá wù mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kó lọ rí dókítà, kó sì ro tara tọkàn pọ̀ fún un: oorun tí kò rí sùn, orúnkún tó ń wú, ẹkún tó ń bọ́ láìnídìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sún mọ́ ọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá a lọ.