Ẹ Ra Fọ́ọ̀mù Kí Ẹ Tó Béèrè

Ilé ẹ̀kọ́ tó bá sọ pé òun yóò kọ́ èèyàn láti òkèèrè gbọ́dọ̀ lè dá èèyàn lóhùn láti òkèèrè. Ohun tí a fẹ́ sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́ kó yé gbogbo ayé, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn wá tipẹ́. Ẹ̀kọ́ àtòkèèrè, èyí tí gbogbo wa ń pè ní dísítáǹsì, kì í ṣe fún àwa tí à ń gbé Under-G, tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì kí á sì jókòó síbẹ̀ títí ẹni tí à ń wá yóò fi dé. Olùkọ́ tó ní ogójì ọmọ nínú kíláàsì ní Ọ̀yọ́, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Ògbómọ̀ṣọ́, télọ̀ tó fẹ́ kàwé kún èyí tó kà: àwọn ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Àwọn yìí gan-an ni kò rí èsì gbà.

Báwo ni a ṣe mọ̀? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ kan bá ti wọ yunifásítì, gbogbo ẹbí á gbà pé ó ti mọ ohun tó ń lọ ní gbogbo yunifásítì tó wà lórílẹ̀-èdè. "Bá mi béèrè" ni àǹtí á kọ́kọ́ sọ kó tó béèrè bóyá a ti jẹun. Báyìí ni àwa tí à ń kọ̀wé síbí, àwọn tí ilé wa wà ní Ọ̀yọ́ àti àwọn tí ilé wa wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣe di ọ́fíìsì ìbéèrè fún àwọn èèyàn wa. A ti pe fóònù, a ti kọ lẹ́tà, a ti lọ jókòó. A kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ kankan. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà wá. Bí a bá dárúkọ ẹyọ kan, àwọn tó kù á máa rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ìwà kan náà ni wọ́n jọ ń hù.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan. Àǹtí ẹnì kan nínú wa ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Ọ̀yọ́. Ó ti gba NCE tipẹ́, dìgírì ló kù. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló ní: èló ni gbogbo owó tí òun máa san láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ibo ni wọn yóò ti ṣe ìdánwò, ṣé òun á lè máa lọ ní Sátidé nìkan? Kò sí ìjìnlẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́ iléyá á béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. A fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí nọ́ńbà WhatsApp tó wà lára pátákó ìpolówó wọn. Ọjọ́ kẹta ni èsì dé: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹ ti ra fọ́ọ̀mù?" A ní rárá, àǹtí wa fẹ́ mọ iye owó ná. "Ẹ ra fọ́ọ̀mù kí ẹ tó béèrè. Gbogbo àlàyé ti wà nínú rẹ̀." Nọ́ńbà ákáǹtì sì tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ wò ó o: èsì ìbéèrè gba ọjọ́ mẹ́ta, nọ́ńbà ákáǹtì kò gba ìṣẹ́jú kan.

Àǹtí ra fọ́ọ̀mù. Owó fọ́ọ̀mù kì í padà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá nínú rẹ̀ ni ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, ibi tí wọ́n ń lẹ fọ́tò mọ́, àti ìlà kan nísàlẹ̀ tó ní kí wọ́n wo pọ́tà fún owó ilé ìwé. Pọ́tà kì í ṣí fún ẹni tí wọn kò tíì gbà wọlé. Ẹni tí wọ́n bá sì gbà wọlé, owó ìgbàwọlé ni yóò kọ́kọ́ san kí pọ́tà tó ṣí. Ìyẹn ni pé obìnrin yìí yóò sanwó lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ iye tí ọjà ń jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ta iṣu báyìí ní ọjà Akẹ̀sán, ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà ni wọ́n máa fà á lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan tún wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé. Kò fi bẹ́ẹ̀ gba ti fóònù. Ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, ó wọ ọkọ̀ ní kùtùkùtù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ mọ ohun tí à ń wí: ọ̀nà tóóró tí tírélà tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya àti ọkọ̀ èrò jọ ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí títì tuntun tó yẹ kó gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó la Ọ̀yọ́ kọjá, ó dé ìlú tí ọ́fíìsì náà wà ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Wọ́n ní ẹni tó máa dá a lóhùn kò sí lórí ìjókòó. Ìgbà wo ni yóò dé? Wọn ò lè sọ. Ṣé ẹlòmíràn ò lè ran òun lọ́wọ́? Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ nawọ́ sí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ti ọdún tó kọjá ni. Ẹ̀gbọ́n dúró títí di aago méjì, ó wọ ọkọ̀, ó padà sílé. Ohun tó sì fẹ́ béèrè kò ju pé: ṣé wọ́n máa gba èsì WAEC àti NECO pa pọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu kan péré ló gbé e gba ọ̀nà yẹn lọ àti bọ̀.

Ẹlòmíì lè ní kí la wá ń pariwo lé lórí, ṣebí ìbéèrè lásán ni. Kì í ṣe lásán. Ẹ rántí àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà fún ẹ̀kọ́ àtòkèèrè. Wọ́n kàwé, wọ́n yege, ṣùgbọ́n Law School kò gbà wọ́n, nítorí bí òfin tó dá yunifásítì náà sílẹ̀ ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀kọ́ tó ń ṣe. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 2018 kí Ààrẹ Buhari tó buwọ́ lu àtúnṣe òfin yẹn. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ti gboyè tán, tó wà lójú kan, tó ń dúró de àwọn aṣòfin. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ilé ẹ̀kọ́ lónìí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, kó tó san kọ́bọ̀, pé, "Bí mo bá parí, ta ni yóò gba ìwé ẹ̀rí mi, ta ni kò ní gbà á?"

Ọ̀rọ̀ agùnbánirọ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá ti ju 30 ọdún lọ nígbà tó gboyè kò ní sìn, ìwé ìdásílẹ̀ ni yóò gbà. Ẹni tó ṣe part-time náà kì í sìn, àmọ́ ìwé tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni àkọ́kọ́, ọ̀gá ibi iṣẹ́ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ á sì rò pé ọmọ náà sá fún ìsìnrú ìlú ni. Ìyá ẹni ọdún 45 lè ní èyí kò kan òun. Ọmọ ọdún 20 tó fẹ́ máa ṣiṣẹ́ kó sì máa kàwé, ó kan án gan-an. A béèrè èyí níbi mẹ́rin. Ibì kan ní wọ́n máa sìn. Ibì kan ní wọn ò ní sìn. Ibì kan ní ká má ṣèyọnu, Ọlọ́run á ṣe é. Ibì kẹrin ní ṣé a ti ra fọ́ọ̀mù?

Kì í sì í ṣe pé ẹ̀kọ́ àtòkèèrè jẹ́ àjèjì sí wa. Láti 1858 ni Yunifásítì London ti gbà kí ẹni tí kò wá jókòó ní kíláàsì òun ṣe ìdánwò òun. Ọ̀nà yẹn ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà tó fi gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣòwò ní 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, tí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì ń dọdẹ ọkọ̀ lórí òkun tí lẹ́tà ń gbà kọjá. Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1974. Ilé ẹ̀kọ́ NTI ní Kàdúná, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́ wa ní A B D ti gba ìwé ẹ̀rí, dé ní 1976. NOUN fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, wọ́n tún jí i dìde lẹ́yìn náà. Ìlú Ọ̀yọ́ tí à ń wí yìí, láti 1896 tí St. Andrew's ti dé ibẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn olùkọ́ ìlú yìí kọ́ ló yẹ kí ẹnikẹ́ni máa dá lóhùn bí ẹni ń lé ajá. Lẹ́tà gba àárín ogun kọjá dé ọ̀dọ̀ Awólọ́wọ̀. Ẹ̀yin ò rí WhatsApp fi dé Ọ̀yọ́.

A ti gbọ́ àwáwí wọn. Òṣìṣẹ́ kò tó. Iná kò sí. Ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń béèrè ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, ó sì ń sú wọn. A gba ti àkọ́kọ́ àti ti kejì gbọ́. A bá àwọn òṣìṣẹ́ kan sọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé fóònù tiwọn àti káàdì tiwọn ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, a ò sì ní bú irú wọn. Ọ̀gá wọn là ń bá wí. Àwáwí kẹta ló pa wá lẹ́rìn-ín. Bí èèyàn ẹgbẹ̀rún bá ń béèrè ohun kan náà, ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e síta. Owó tí wọ́n fi tẹ pátákó ńlá tó ní fọ́tò ọmọ tó wọ gáùn tó ń rẹ́rìn-ín, ó tó tẹ ewé ìwé kan tí iye owó wà lórí rẹ̀.

Ọ̀kan tún wà tó dùn wá jù, bó tilẹ̀ kéré lójú ẹlòmíì. Bàbá kan tó fẹ́ san owó ilé ìwé ìyàwó rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ wa, ó fi Yorùbá béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó gbé e, tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ gan-an ti sọ ìlú rẹ̀ fún wa, fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé fóònù ọ́fíìsì nìyí, kó sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ó kàn bi í ní Yorùbá pé, "Ṣé owó mi náà, ẹ ò ní gbà á àfi bó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?" Ó já fóònù. A kò sọ pé kí wọ́n fi Yorùbá ṣe ìdánwò. Ẹni tó ń béèrè iye owó ní ilẹ̀ Yorùbá, lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá, kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe níbẹ̀?

Ta ló wá ń dí àlàfo tí àwọn ọ́fíìsì yìí fi sílẹ̀? Àwọn akẹgbẹ́ wa kan ni, ẹ̀yin pàápàá sì mọ ara yín. Ẹ ń gbé e sórí status pé àdìmíṣọ́ọ̀nù dísítáǹsì ti jáde, ẹ kàn sí mi. A kò bá ẹni tó ń bá ìyá àdúgbò kún fọ́ọ̀mù jà, kódà bó gba owó dátà àti owó oúnjẹ. Ẹni tí à ń bá wí ni ẹni tó ń ta èsì tí kò ní. Ó ní wọ́n á sìn, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ìdánwò á wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò mọ̀. Ó ní NUC ti fọwọ́ sí i, kò wo orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí NUC gbé síta rí. Tó bá gba owó tán, ó yí nọ́ńbà padà. Ó sì dá wa lójú pé inú ọ́fíìsì kò bà jẹ́ sí i: ajẹ́ǹtì ń kó èèyàn wá, wọn ò sì ní láti gbé fóònù.

Bí a ó ṣe ṣe é nìyí. Òfin kan wà láti 2011, òfin tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ sí ìròyìn tó wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, wọ́n gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ méje. Bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ jù, wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un. Kò pọn dandan kí ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ lè fẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Owó àdàkọ ìwé nìkan ni òfin náà gbà wọ́n láyè láti béèrè. Kò sọ fọ́ọ̀mù níbẹ̀.

A ti kọ lẹ́tà kan tó ní ìbéèrè márùn-ún: gbogbo owó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ibi ìdánwò, èsì WAEC àti NECO, ọ̀rọ̀ agùnbánirọ̀, àti ìwé tí NUC fi fọwọ́ sí i. Lẹ́tà kan náà ni yóò lọ sí gbogbo yunifásítì ìjọba tó ń ṣe dísítáǹsì ní ilẹ̀ Yorùbá, ní Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ amòfin, ẹ bá wa wò ó kó tó lọ. A ó ka ọjọ́ méje. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fèsì, a ó gbé èsì rẹ̀ síbí bó ṣe wà, a ò ní yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Èyí tí kò bá fèsì, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a ó sì fi iwájú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.