Àwọn òṣìṣẹ́ iwin ti dé orí fóònù o!

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, àbúrò mi ló sì fà á.

Ilé kan náà lèmi pẹ̀lú ẹ̀ ń gbé. Ó ti kàwé jáde, iṣẹ́ ni ò rí. Lọ́jọ́ kan ló wọlé wá bá mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, “Bùrọ̀dá mi, mo ti ríbi tówó wà o. Orí fóònù yìí náà ni!” Ó ní ìkànnì kan wà tó jẹ́ pé béèyàn bá ń kọ̀rọ̀ síbẹ̀, táwọn èèyàn ń kà á, tí wọ́n sì ń dá a lóhùn, dọ́là ni wọ́n fi ń sanwó. Mo kọ́kọ́ rò pé gbájúẹ̀ ni, àṣé òótọ́ ni.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló ba nǹkan jẹ́. Kò ní sùúrù. Ó wá ẹnì kan tó ń ta fọ́lówà kàn, ó kó owó tí mo fún un pé kó fi ra bàtà sílẹ̀. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti tò sẹ́yìn ẹ̀. Inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó kọ̀rọ̀ títí, kò sẹ́ni tó bá a sọ nǹkan gidi kan. “Nice one, nice one” ṣáá ni gbogbo wọn ń kọ. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n tì í mọ́ta lórí ìkànnì ọ̀hún, wọ́n ní ayédèrú èrò ló kó jọ. Ọmọ náà ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àwọn èrò ọ̀hún ni wọ́n ń pè ní bot. Ṣé ẹ mọ àwọn òṣìṣẹ́ iwin tí ìjọba máa ń pariwo wọn? Orúkọ wọn wà nínú ìwé owó oṣù, owó ń jáde, ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí wọn lẹ́nu iṣẹ́ láéláé. Bí bot ṣe rí náà nìyẹn. Ètò orí kọ̀ǹpútà ni, ẹnì kan ló gbé e kalẹ̀ pé kó máa ṣe bí èèyàn. Kì í jẹun, kì í sùn, a máa dìbò, a máa fèsì, a sì máa tẹ̀lé èèyàn kiri.

Ẹ lè ní kí ló kàn yín níbẹ̀. Ó kàn yín o! Ẹ jẹ́ ká wo Steemit, ìkànnì tí Ned Scott àti Dan Larimer dá sílẹ̀ lọ́dún 2016. Owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Steem ni wọ́n fi ń sanwó níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa ló ya lọ síbẹ̀ lọ́dún 2017 sí 2018. Béèyàn bá kọ̀rọ̀, àwọn yòókù á dìbò fún un, lẹ́yìn ọjọ́ 7, owó dé. Ṣùgbọ́n inú àpò kan ṣoṣo lowó gbogbo èèyàn ti ń jáde, ẹni tó bá sì ní Steem púpọ̀ nípamọ́, ìbò tiẹ̀ ló wúwo jù.

Ibẹ̀ làwọn ọlọ́gbọ́n àrékérekè bá wọlé. Wọ́n gbé bot tó ń ta ìbò kalẹ̀. Ẹ máa sanwó fún un, láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì àtààbọ̀ síra wọn, yóò pín ìbò ẹ̀ fáwọn tó sanwó, bówó oníkálukú bá ṣe tó ni ìbò ẹ̀ ṣe máa tó. Bí ọ̀rọ̀ yín dára, bí kò dára, kò kàn án. Báyìí ni pàǹtírí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wà lókè, tí ẹni tó fi gbogbo òru kọ ọ̀rọ̀ gidi wá ń gba kọ́bọ̀. Inú àpò kan náà ni wọ́n ti ń bù ú, àbí ẹ ò rí i? Ohun tí iwin bá jẹ, ti alààyè ló ń jẹ.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n yí òfin padà. Wọ́n gba oníkálukú láàyè láti máa dìbò tako ohun tí kò dáa láìná an ní nǹkan kan, wọ́n sì sún èrè ẹni tó ń dìbò láti ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún sí 50, kó lè wá ọ̀rọ̀ gidi dìbò fún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ìbò ló pa ṣọ́ọ̀bù dé. Nígbà tí Justin Sun ra iléeṣẹ́ náà lọ́dún 2020, ọ̀pọ̀ èrò ibẹ̀ bínú lọ dá tiwọn sílẹ̀, Hive lorúkọ ẹ̀.

X tí à ń pè ní Twitter tẹ́lẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fáwọn èèyàn ẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2023. Nígbà tó di ọdún 2024, wọ́n ní ìfèsì àwọn tó ń sanwó Premium làwọn máa wò báyìí káwọn tó sanwó féèyàn. Ṣé ẹ wá rí i pé ẹni tó lọ ra iwin rẹpẹtẹ kàn da omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni?

Mi ò sọ pé gbogbo bot ló burú o. Ọ̀kan wà lórí Steemit nígbà kan rí tí wọ́n ń pè ní Cheetah, iṣẹ́ tiẹ̀ nígbà náà ni kó máa tú àṣírí àwọn tó ń da ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kọ. Ọwọ́ ẹni tó rán iṣẹ́ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá owó níbẹ̀, ẹ gbọ́ o. Bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń kọ gbólóhùn kan náà sábẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn, tó jẹ́ pé kẹ́ ẹ tó kọ̀rọ̀ tán ló ti fèsì, iwin ni. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ fi ẹjọ́ ẹ̀ sun àwọn oníkànnì, kẹ́ ẹ sì tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ fún òun ní ọ̀rọ̀ aṣínà yín kóun lè bá yín kó èrò wá, ẹ sá fún un, olè ni.

Àbúrò mi ti tún bẹ̀rẹ̀ o. Iye tí wọ́n ń ta ata àti tòmátì lọ́jà ló ń kọ báyìí. Èèyàn 61 péré ló ń tẹ̀lé e, kò sì tíì rí kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n níjọ́sí, ìyá olóúnjẹ kan fèsì pé ohun tó kọ ló jẹ́ kóun mọ ọjà tóun máa ná láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó sáré gbé fóònù wá hàn mí. Ayọ̀ tí mo rí lójú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ti ọjọ́ tó ra iwin ò tó o.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.