Ìpín ọmọ tó ń bàlágà nínú ìkòkò



Ẹ wo ilé wa ní àṣálẹ́. Iyán ti délẹ̀. Ọbẹ̀ ti jinná. Ta ni à ń kọ́kọ́ bu ẹran fún? Bàbá ni. Ta ni ó tẹ̀lé e? Àwọn àgbàlagbà ilé ni. Ọmọbìnrin ọdún 13 tó pọn omi, tó gún iyán náà, kí ni ó kù fún un? Omi ọbẹ̀ ni. Bí adìẹ bá yé ẹyin, a ó tà á. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ jẹ ẹ́, a ó ní: «Ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè.»

Báyìí ni àwọn baba wa ṣe bá a. A kò bú wọn. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ mọ sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: nínú gbogbo ará ilé, ara ta ni ó ń dàgbà lọ́wọ́lọ́wọ́?

Ara ọmọ tó ń bàlágà ni. Láti nǹkan bí ọdún 10 títí dé ọdún 19, ara ọmọ dà bí ẹni tó ń kọ́ ilé. Obìnrin sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọkùnrin. Egungun ń gùn. Ẹran ara ń le. Ọyàn ń yọ lára obìnrin, ohùn ọkùnrin ń yí padà. Nínú ìwúwo àgbàlagbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó jẹ́ pé àárín ọdún wọ̀nyí ni ó ní in.

Ẹni tó ń kọ́ ilé kò lè fi omi nìkan mọ ògiri. Ó nílò amọ̀. Amọ̀ ara ni ẹ̀wà, sóyà, ẹyin, ẹja, ẹran, àti wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá sí ọjà. Iṣu àti gàárì ń fún wa ní agbára láti ṣiṣẹ́. Wọ́n dára. Ṣùgbọ́n àwọn nìkan kò lè mọ ògiri náà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tún wà níbẹ̀. Bí ọmọbìnrin bá ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀ lóṣooṣù. Ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe òmíràn. Irin wà lára ohun tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe irin ọkọ́ o. Irin tó wà nínú oúnjẹ ni, tí ojú kò lè rí. Ó wà nínú ẹran àti ẹja, ó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Bí irin kò bá tó, ẹ̀jẹ̀ kò ní tó. Inú ìpéǹpéjú ọmọ á funfun. Á máa rẹ̀ ẹ́. Àyà rẹ̀ á máa lù kìkì bó bá gun òkè. Á máa tòògbé ní kíláàsì. A ó ní ọ̀lẹ ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò tó.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Benin ní ọdún 2017 sí 2018 fi hàn pé ju ìdajì lọ nínú àwọn obìnrin ọdún 15 sí 49 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Lọ́la, ọmọbìnrin yìí á di ìyá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà púpọ̀ nígbà ìbímọ, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀ lè kú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹran inú ọbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀kánjúwà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ní ọdún 2017, ìjọba Benin àti PAM, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ ní àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan láti máa fún àwọn ọmọ ní oúnjẹ ọ̀sán ní ilé-ìwé. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé alákọ́ọ̀bẹ̀rẹ̀ ni ètò náà wà fún. Ọmọ tó bá wọ CEG ti fi kàńtíìnì sílẹ̀ lẹ́yìn. Ìgbà tí ara rẹ̀ ń bèèrè oúnjẹ jù gan-an ni oúnjẹ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ń fi owó díẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ra búrẹ́dì lásán àti omi ṣúgà. Àwa ará Ṣábẹ mọ ṣúgà. Ìlú wa ni Benin àti Nàìjíríà jọ dá ilé-iṣẹ́ ṣúgà sílẹ̀ sí ní ọdún 1975. A kò kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣúgà kò ní irin, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ egungun.

Kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ fún ọmọ ní ẹyin. Ẹyin kì í sọ ọmọ di olè. Ẹ̀kọ́ ilé ni ó ń kọ́ ọmọ kí ó má jalè. Ebi ni ó ń tì í lọ sí ìdí ìkòkò ní òru.

2. Ẹ má ta gbogbo ẹ̀wà àti sóyà tí ẹ kórè. Ẹ kọ́kọ́ yọ ti ilé sọ́tọ̀. Ẹni tí kò ní owó ẹran lè se ẹ̀wà. Ó lè fi ẹja wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀fọ́, kí ọmọ jẹ ẹ́ tegungun-tegungun.

3. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹ èso mọ́ oúnjẹ. Nígbà kájú, a ń kó kóró lọ tà, a ń fi èso sílẹ̀ kí ó jẹrà nínú oko. Èso yẹn ní fítámínì C ju ọsàn lọ. Fítámínì yìí ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Tíì ń dí i lọ́wọ́. Kí ọmọ má mu tíì mọ́ oúnjẹ.

4. Ibà àti aràn ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Kí ọmọ sùn nínú àpò ẹ̀fọn. Kí ó wọ bàtà, nítorí aràn kan ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Kí ẹ ní ṣáláńgá. Bí ó bá ń rẹ ọmọ ṣáá, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ìyá kò lè yí ìpín ẹran padà bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i. Lálẹ́ òní, ẹ gé ẹran yín sí méjì. Ẹ pe ọmọbìnrin yín. Ẹ fún un ní ìdajì lójú gbogbo ilé.

Ẹni tó ti mọ̀wé kà, kí ó ka èyí fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Ẹ sì jíròrò rẹ̀ ní kíláàsì yín: ní ilé tiyín, ta ni ó ń jẹ ẹyin?